Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Dájọ́ Apá Kejì

Ìbàdàn

Ẹ̀yin lámèyítọ́ géèmù, àgbà nínú yín àti ọmọdé, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àti ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ọ́ lórí fídíò, títí kan ẹ̀yin díẹ̀ tí ẹ ti ń fi Yorùbá ṣe é báyìí,

Mo kí yín kú iṣẹ́, nítorí iṣẹ́ ni. Ẹni tí wọ́n gbé géèmù tó gùn fún, tí olóòtú sì ń béèrè àbọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó di ọ̀tunla, kò ṣeré rárá. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ kí a gbé padà síwájú adájọ́. Ẹjọ́ The Banner Saga 2 ni, tí ẹ dá ní 2016. Ẹ kò dá a lẹ́bi o. Àwọn tó pọ̀ jù nínú yín ló yìn ín. Ìdí tí àwọn kan nínú yín fi yọ máàkì ló ń dùn mí lọ́kàn. Ẹ ní apá kejì yìí kò yàtọ̀ tó sí ti àkọ́kọ́. Ẹ ní kò lórí, kò nírù, àárín lásán ni. Èmi gbà pé ìbéèrè tí ẹ bi í kọ́ ló tọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí tí kò mọ géèmù náà. Àwọn mẹ́ta ló dáwọ́ lé e: Alex Thomas, Arnie Jorgensen àti John Watson. Ẹ̀ka iléeṣẹ́ BioWare tó wà ní Austin, ní Texas, ni wọ́n ti kúrò, wọ́n wá dá tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní Stoic. Ní 2012 wọ́n gbé igbá síta lórí ìkànnì Kickstarter, wọ́n ní 100,000 dọ́là làwọn ń wá. Àwọn èèyàn tó lé ní 20,000 dáwó fún wọn, ohun tó wọ inú igbá sì lé ní 723,000 dọ́là. Apá kìn-ín-ní jáde ní oṣù kìn-ín-ní 2014, apá kejì ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin 2016, apá kẹta ní oṣù keje 2018. Ìtàn kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ilẹ̀ òtútù bíi ti àríwá Yúróòpù láyé àtijọ́ ni ìtàn ọ̀hún ti ṣẹlẹ̀. Àwọn òrìṣà ti kú. Oòrùn dúró gbagidi lójú sánmà, kò wọ̀ mọ́. Àwọn dredge tí òkúta bò lára ń tú jáde bí eéṣú. Àwọn èèyàn àti àwọn varl, òmìrán oníwo tí kò ní obìnrin láàárín wọn, tí ẹni tó bá kú nínú wọn ti lọ nìyẹn, di ẹrù, wọ́n ń sá. Ìwọ tó ń gbá géèmù lo ń darí àwọn ogúnléndé yìí. Oúnjẹ wọn wà lọ́rùn rẹ, ogun tó ń bọ̀ wá bá wọn wà lọ́rùn rẹ, aáwọ̀ tó ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín ara wọn náà sì wà níbẹ̀.

Ní ti ogun jíjà, ẹni tó bá mọ ayò ọlọ́pọ́n kò ní ṣìnà. Mo ta, o ta. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì: pupa ni ti agbára, búlúù ni ti ìhámọ́ra. Agbára yẹn ni ẹ̀mí rẹ̀, òun náà sì ni ipá tó fi ń gbá ẹlòmíràn. Bí agbára ọmọ ogun mi bá jẹ́ 12, tí ìhámọ́ra ọ̀tá sì jẹ́ 9, 3 péré ni màá bù lára rẹ̀, nítorí náà ó lè sàn kí n kọ́kọ́ fọ́ ìhámọ́ra. Ẹni tó bá sì ti gbọgbẹ́ gidi, ọwọ́ rẹ̀ ti rọ. Ibi tó ta kókó sí ni pé títa kì í pọ̀ fún ẹni tí èèyàn rẹ̀ pọ̀. Ìhín ta, ọ̀hún ta, ìbáà jẹ́ pé ẹni mẹ́fà ló kù níhìn-ín, tí méjì sì kù lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ń yára pa aláìlágbára, ṣe ló ń fún alágbára láyè kó máa ta léraléra. Ọ̀ta tó mọ̀ ọ́n á fi ẹni tó ti rọ sílẹ̀ láàyè, kó máa bá alágbára pín títa. Àwọn kan nínú yín ní kò bọ́gbọ́n mu, pé ta ló ń jagun báyẹn. Mi ò bá yín jiyàn. Òfin ọpọ́n ni, kò sì ju òfin ọpọ́n lọ. Ẹni tó bá jókòó ti ayò kì í béèrè ìdí tí ọmọ ayò fi jẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò méjìlá.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbá apá kejì yìí, ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo sì fi wò ó. Ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín nìyẹn.

Nígbà àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsọ̀ atúnkọ̀ǹpútàṣe kan dé ni. Ó gbé e fún mi, ó ń tàn rekete, àmọ́ ó ti nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Fọ́tò ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ibi tí mo bá apá kìn-ín-ní dé náà bá a lọ. Bí mo ṣe ṣí apá kejì, ó bi mí léèrè: Rook ni àbí Alette? Rook jẹ́ ọdẹ, Alette ni ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ní ìparí apá kìn-ín-ní, ọ̀kan nínú bàbá àti ọmọ yìí ní láti ta ọfà fàdákà kan, ẹni tó bá sì ta á kò ní ti ibẹ̀ bọ̀. Ẹni tí kò bá ní ìtàn kankan tó gbé wá, géèmù á kàn ní kó yan ẹni tó ṣẹ́ kù. Mo yan Alette bí ẹni ń yan mínírà nínú fìríìjì onílé ìtajà. Ó wù mí kí n wò ó bí ọmọdébìnrin á ṣe ṣe olórí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo gbá a tán, mo gbádùn rẹ̀. Mo wá sọ fún àbúrò mi gan-an ohun tí ẹ̀yin náà kọ: ó dáa, àmọ́ ti àkọ́kọ́ náà ni wọ́n tún sè.

Lẹ́yìn ọdún kan mo padà sí apá kìn-ín-ní, mo gbá a látòkè délẹ̀, mo sì gbé gbogbo ohun tí mo ṣe níbẹ̀ wọ inú apá kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo fa ọfà lé Alette lọ́wọ́. Èrò mi ni pé ojú rẹ̀ mú ju ti bàbá rẹ̀ lọ, pé á ta á, á sì yè é. Kò yè é. Nígbà tí apá kejì ṣí, Rook ló dúró nínú ọkọ̀ ojú omi, bàbá tó sin ọmọ. Àwọn àgbà wa ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ẹ wá fojú inú wo bí wọ́n ṣe fi irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣe olórí ogunlọ́gọ̀ èèyàn, tí gbogbo wọn ń wojú rẹ̀, tí ẹnì kan sì ń bi í léèrè bóyá ìrẹsì ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ àbí ẹran gbígbẹ. Kò sí ìrẹsì níbẹ̀ o, àpèjúwe lásán ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kéékèèké bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń ta mí lára, torí mo mọ ẹni tó sọ ọkùnrin náà di bẹ́ẹ̀. Èmi ni.

Ogun kan náà, ọ̀nà kan náà, àwòrán kan náà. Géèmù náà kò yí padà. Ẹrù tí mo rù wọlé ló yàtọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, nínú àwọn tó dá ẹjọ́ yẹn, mélòó ló gbé Rook tàbí Alette tiwọn wọlé, mélòó ló kàn tẹ̀ ẹ́ lójú ẹ̀rọ? Ó yẹ kí ẹ máa kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó gbé ìtàn rẹ̀ wá àti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀nà kì í ṣe ẹlẹ́rìí ohun kan náà.

Ẹ jẹ́ ká fi ojúgbà rẹ̀ wé e. Ní oṣù kejì 2016, XCOM 2 jáde láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ Firaxis. Géèmù ogun mo-ta-o-ta ni òun náà, apá kejì ni òun náà, ó sì dára. Ẹ wo ohun tó ṣe, kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè tú. Ẹni tó gbá ti 2012, tó fi òru ṣọ̀sán, tó lé àwọn àjèjì ojú sánmà lọ, XCOM 2 ní irọ́ ni, aráyé ló pàdánù ogun yẹn. Ó ní ogún ọdún ti kọjá, àwọn àjèjì ló ń ṣàkóso, ìwọ àti àwọn tìrẹ sì ti di ẹni tó ń jà látinú igbó. Ọgbọ́n ńlá ni. Wọ́n kó gbogbo ọmọ ayò kúrò lójú ọpọ́n, wọ́n wá tò ó bó ṣe wù wọ́n. Ẹni tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, dandan ni kí ohun tuntun kún ọwọ́ rẹ̀. Stoic kò lè kó ọpọ́n kúrò. Ọmọ ayò tí a ta ní 2014 ṣì wà nínú ihò tí kálukú fi í sí, àwọn ihò yẹn ni Stoic sì ṣèlérí fún wa pé òun máa kà. Kí ẹ wá fi òdiwọ̀n XCOM 2 wọn The Banner Saga 2, kò dọ́gba.

Ohun tuntun wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Jagunjagun tó máa ń dé ipò 5 tẹ́lẹ̀ lè dé 10. Ìdènà wà lójú ogun báyìí. Gbogbo ìjà kọ́ ni a gbọ́dọ̀ pa ẹni tó kẹ́yìn kó tó parí. Àwọn horseborn dé, ìdajì èèyàn, ìdajì ẹṣin, tí ẹnikẹ́ni kò rírú wọn rí nínú ayé yẹn. Ẹ ka gbogbo ìwọ̀nyí, ẹ tò wọ́n sílẹ̀ bí ọjà, ẹ ní wọn kò pọ̀ tó. Ohun tó tuntun jù lọ ni ẹ kọjá lára rẹ̀: Bolverk. Bí Rook tàbí Alette ṣe ń tu èèyàn nínú lọ́nà kan, Bolverk ń kó àwọn Raven, jagunjagun tó ń gbowó jà, gba ọ̀nà mìíràn, wọ́n ń ti ẹrù kan lọ tí wọn kò gbọ́dọ̀ ṣí. Ìwọ tó ti fi ọjọ́ pípẹ́ kọ́ àánú nínú ọ̀nà ti àkọ́kọ́, wọ́n wá gbé ọ sínú ọkùnrin tí àánú kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un. Ìbéèrè tí wọ́n bi ọ́ kò yàtọ̀: ká ran àwọn ará abúlé yìí lọ́wọ́, tàbí ká kọjá? Ẹnu tó ń dáhùn ló yàtọ̀. Mo jókòó níwájú ẹ̀rọ, mo rí i pé mo ti tẹ ohun tí n kò ní tẹ̀ láéláé bó bá jẹ́ Rook ni. Ẹni tó bá ní ìyẹn kò tuntun, ó dàbí ẹni pé irinṣẹ́ nìkan ló ń kà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ òkìkí náà. Òkìkí ni owó géèmù yìí, ogun ló ń mú un wá. Òun la fi ń ra oúnjẹ, òun náà la fi ń gbé jagunjagun ga, òun náà la fi ń ra ohun ìṣọ́ra. Ẹni tó bá ti fi owó oṣù kan ṣoṣo ra gàrí, tó fi san owó iléèwé, tó tún fi dá sí ìnáwó ẹbí kò nílò àlàyé. Ní àgọ́ kan, oúnjẹ ọjọ́ méjì ló kù fún mi, ọmọ ogun mi kan sì ti tó gòkè. Mo gbé e ga. Mo ní ọjà kan á wà níwájú. Ọjà kò sí. Ní ọjọ́ kẹta iye àwọn èèyàn tó wà lókè ojú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Kò sí ariwo, kò sí ẹkún, nọ́ńbà kàn ń dín kù bíi ti mítà iná tí káàdì rẹ̀ fẹ́ tán. Ẹ ní ètò òkìkí yìí wà nínú apá kìn-ín-ní, pé wọ́n kàn tún un lò ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ebi náà wà lánàá.

N kò gbàgbé ibi tí ẹ ti gbà á. Ẹ yin àwòrán rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ yà, tí a sì rí ipa Eyvind Earle nínú rẹ̀, ọkùnrin tó ya igbó àti òkè inú Sleeping Beauty ti Disney ní 1959. Ẹ yin orin Austin Wintory, ẹ kò sì ṣàṣejù. Ẹ ní ẹni tí kò bá mọ apá kìn-ín-ní á sọnù, òótọ́ ni. Ẹ ní ìparí rẹ̀ já lójijì bí ẹni tí NEPA mú iná lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni ìyẹn náà, ó sì dun èmi gan-an. Ìdí tó fi já bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ wò.

Àwa Yorùbá mọ apá kejì. Ìran tó ń ra kásẹ́ẹ̀tì fíìmù nígbà kan rí wà láàárín wa, tó wò ó tán lálẹ́ Sátidé, tí ọkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mọ ohun tí ìyàwó fi pa mọ́, tí ojú ẹ̀rọ wá dúdú, tí wọ́n kọ ọ́ sí i pé ká máa retí apá kejì. Gbogbo ilé á pariwo. Kódà lórí YouTube lónìí, wọ́n ṣì ń ṣe é fún wa. Ìyẹn ti kọ́ etí wa. A mọ fíìmù tí wọ́n gé sí méjì nítorí owó, tí wákàtí àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì kí wọ́n máa wa mọ́tò, kí wọ́n máa kan géètì. A sì mọ ìtàn tó tóbi ju ìjókòó kan lọ. Àyẹ̀wò tí ìyá mi máa ń fi mọ̀ ọ́n kò ṣòro: bí apá kejì bá bẹ̀rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé èèyàn lè gbàgbé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lápá kìn-ín-ní láìpàdánù nǹkan kan, á ní ẹ pa á, owó ni wọ́n ń wá. The Banner Saga 2 yege lọ́dọ̀ ìyá mi. Kò sí ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀ tí ohun àtẹ̀yìnwá kò bá èèyàn jókòó.

Apá kejì sì máa ń gba oríṣiríṣi ọ̀nà. Nígbà tí D. O. Fágúnwà gbé Igbó Olódùmarè jáde ní 1949, lẹ́yìn Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti 1938, ẹni tó ń retí pé Àkàrà-ògùn á tún gbé ìbọn kọ́ èjìká, Olówó-ayé, bàbá ọdẹ náà, ló bá pàdé. Ẹ̀yìn ni ìtàn gbà lọ. Ẹni tó bá ní igbó náà ni, iwin náà ni, kò parọ́, àmọ́ kò tíì sọ nǹkan kan nípa ìwé náà.

Ẹlẹ́rìí tó kẹ́yìn pẹ́ kó tó dé. Ní 2017 Stoic tún gbé igbá jáde fún apá kẹta, owó tó wọlé lé ní 400,000 dọ́là, géèmù sì jáde ní 2018. Ibẹ̀ ni a ti wá rí iṣẹ́ tí apá kejì ń ṣe. Àwọn tí a kó dé Arberrang, olú ìlú àwọn èèyàn, ni wọ́n ń dá òkùnkùn dúró, iye ọjọ́ tí wọ́n bá sì lè fi dì í mú ni àwọn tó wà lójú ọ̀nà kejì ní láti fi parí iṣẹ́ tiwọn. Àwọn tálákà tí kò lè jà, tí mo jẹ́ kí ebi pa nítorí pé mo fẹ́ gbé jagunjagun kan ga, mo wá wọn nígbà tí ọjọ́ pé, n kò rí wọn. Ẹjọ́ tí ẹ dá ní 2016, ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀ wọlé. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ ti mọ̀ ṣáájú. Àmọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀rí dé, ta ló padà lọ ṣí fáìlì?

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo ní.

Àkọ́kọ́, bí géèmù bá ń gba ìtàn ẹni wọlé láti apá tó ṣáájú, ẹ sọ fún wa lókè àyẹ̀wò yín bóyá ẹ gbé tiyín wọlé. Gbólóhùn kan tó.

Èkejì, kí ẹ tó kọ ọ́ pé kò sí ohun tuntun, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fi ti àtijọ́ ṣe. Ẹ dárúkọ ìpinnu kan tí ẹ ṣe lápá kìn-ín-ní, kí ẹ sọ ibi tí ẹ ti tún bá a pàdé. Bí ẹ kò bá bá a pàdé níbì kankan, ẹ yọ máàkì bó ṣe wù yín, n kò ní sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ìtàn alápá mẹ́ta bá parí, ẹ padà sí ẹjọ́ apá kejì. Ẹ má pa àkọsílẹ̀ àtijọ́ rẹ́, ẹ kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a rí ọjọ́ méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Yorùbá ṣe é, ẹ̀yin ni mo ń wò jù, torí ẹ kò tíì ní àṣà tí ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Ẹ má kàn gba 7 nínú 10 wọlé bí ẹni gba àlejò láìbi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Lójú agbo ayò, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í wo ọpọ́n lẹ́ẹ̀kan kó ní lágbájá ló ń jẹ. Á kí àwọn tó bá níbẹ̀, á wá àyè jókòó, á rọra bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ léèrè ọpọ́n tí wọ́n wà àti ẹni tó jẹ èyí tó ṣáájú. Ìgbà yẹn ni yóò tó lanu.

Èmi náà ti lanu kí n tó béèrè rí, nígbà tí mo yan Alette bíi mínírà. Àbúrò mi ṣì gbà pé géèmù náà kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, torí èmi ni mo sọ fún un. Mo ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ìgbà yẹn kó gbá apá kìn-ín-ní kí ó lè wò ó fúnra rẹ̀. Ó ní tí iná bá dé.

Tiyín ní tòótọ́,
Atayò kan